Àwo Jáàsì Àtijọ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde: Kí Ni Lámèyítọ́ Ń Gbé Lé Òṣùwọ̀n?

Ní ọdún 2023, àwo "tuntun" kan jáde lórúkọ John Coltrane, afọnfèrè jáàsì tó ti kú láti oṣù Keje ọdún 1967. Kò sí àràmàǹdà níbẹ̀. Ẹnìkan ló gba eré rẹ̀ sílẹ̀ lójú agbo nígbà ayé rẹ̀, téèpù náà sì wọ inú ilé ìkàwé lọ láìsí ẹni tó rántí rẹ̀, títí ọwọ́ fi tún kàn án. DownBeat, ìwé ìròyìn jáàsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1934, ní ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ fún irú àwo ìtàn bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn lámèyítọ́ orin bá ń dìbò wọn lọ́dọọdún, kí ó má baà máa bá àwo àwọn tó ṣì wà láàyè du ipò. Àlàyé mi dá lórí bí àwọn lámèyítọ́ ṣe ń gba irú àwo yìí, nítorí ìyìn tàbí ẹ̀gàn tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti ohun kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣòro fún ará Ìbàdàn, nítorí kásẹ́ẹ̀tì òde àríyá, èyí tí àwọn olólùfẹ́ fújì ń pè ní live play, kò ṣàjèjì sí wa. Inú rẹ̀ la ti ń gbọ́ tí olórin pa orin tó ń kọ tì láti ki ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn, tí gángan kan ṣoṣo sì bo ohùn àwọn elégbè mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀ ju àwo sítúdíò lọ, nítorí ibẹ̀ ni olórin ti ń ṣe é bó ṣe wù ú. Ti jáàsì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni olórin jáàsì ti ń hun ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń fọn jáde, tó fi jẹ́ pé orin kan náà tí ó fọn lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lè má jọ ti alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwo mẹ́ta tí orin kan náà wà nínú wọn kò fi owó ṣòfò, bí ó bá jẹ́ pé eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Eré fúnra rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí lámèyítọ́ ń wò, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń kan bí ohùn ṣe dún sí. Àwo ọdún 2023 yẹn jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1961, Richard Alderson, onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, fẹ́ dán ẹ̀rọ tuntun wò ní ilé fàájì Village Gate ní New York, ó sì fi máíìkì kan ṣoṣo gba eré Coltrane àti Eric Dolphy, afọnfèrè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sétí yóò kíyè sí i pé fèrè àti ìlù Elvin Jones hàn ketekete, tí dùùrù McCoy Tyner sì sá sẹ́yìn bí ẹni pé yàrá kejì ló wà. Lámèyítọ́ kan lè tìtorí èyí dín máàkì rẹ̀ kù, kí òmíràn sì kà á sí èrè, nítorí kò wọ́pọ̀ kí a gbọ́ Elvin Jones súnmọ́ni tó bẹ́ẹ̀. Ti ẹni kejì ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n n kò ní í bá ẹni tó ra àwo nítorí dùùrù jà.

Lẹ́yìn eré àti ohùn, ó ku ohun tí àwo náà fi kún ìmọ̀ wa, ibẹ̀ gan-an ni àwo ìtàn ti yàtọ̀ sí àwo mìíràn. Thelonious Monk, atẹdùùrù jáàsì, àti Coltrane jọ ṣeré fún ọ̀pọ̀ oṣù ní ilé fàájì Five Spot ní ọdún 1957, ṣùgbọ́n orin díẹ̀ péré ni wọ́n jọ ṣe ní sítúdíò. Téèpù tí Naima, ìyàwó Coltrane, fọwọ́ ara rẹ̀ gbà ní Five Spot jáde ní ọdún 1993, ohùn rẹ̀ kò sì dára. Nígbà tó di ọdún 2005, Larry Appelbaum, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, rí téèpù eré tí àwọn méjèèjì ṣe ní Carnegie Hall lọ́jọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1957, èyí tí ilé-iṣẹ́ rédíò Voice of America gbà sílẹ̀, nínú Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Blue Note gbé e jáde lọ́dún náà. Eré rẹ̀ dára, ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì dí àlàfo tó ti wà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ìyìn tó gbà tọ́ sí i. Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ "àwárí" ti di ohun tí wọ́n fi ń polówó gbogbo téèpù tí eruku bá ti bò, títí kan èyí tí kò sọ ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àkókò pàápàá ń yí etí padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1961, lámèyítọ́ John Tynan kọ ọ́ sínú DownBeat pé ohun tí Coltrane àti Dolphy ń fọn lòdì sí jáàsì, àwọn méjèèjì sì fèsì nínú ìwé ìròyìn yẹn kan náà ní oṣù Kẹrin ọdún 1962. Lámèyítọ́ tó ń gbọ́ eré ọdún 1961 lónìí kò lè gbọ́ ọ bí Tynan ṣe gbọ́ ọ; ó ti mọ̀ kí ó tó tan ẹ̀rọ pé àgbà ọ̀jẹ̀ ló fẹ́ gbọ́. Ní tèmi, ọ̀wọ̀ yìí ń wọ inú máàkì ju bí àwọn tó ń kọ̀wé ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Wọ́n tún ń wo bóyá ẹbí olórin fọwọ́ sí i, àti bóyá ìwé pẹlẹbẹ inú àwo sọ ẹni tó gba téèpù sílẹ̀.

Èyí tó yẹ kí ó kan Yorùbá jù ni eré tí Coltrane ṣe lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967 ní gbọ̀ngàn àṣà tí Babátúndé Ọlátúnjí, onílù ọmọ Àjídó lẹ́bàá Badagry, dá sílẹ̀ ní Harlem. Ọdún 2001 ni àwo náà tó jáde, orin méjì ló sì wà nínú rẹ̀, "Ogunde" àti "My Favorite Things", tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ohùn rẹ̀ fọ́ débi pé ẹni tó bá fi ohùn nìkan díwọ̀n rẹ̀ yóò jù ú nù, bẹ́ẹ̀ agbára tó wà nínú fèrè yẹn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Algie DeWitt ń lu bàtá níbẹ̀ pẹ̀lú ìlù Rashied Ali. Iná tó wà lábẹ́ fèrè Coltrane ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí onílù bàtá láti Ìbàdàn gbé e sétí, kí ó sì sọ ohun tí ìlù náà ń ṣe níbẹ̀, bóyá ó gbe orin lẹ́sẹ̀ tàbí kò gbè é; irú lámèyítọ́ bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì rí tó.