Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Alátọ̀gbẹ Mọ́

Bí mo bá bi ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún, tó sì dáhùn pé, "Rárá o, nọ́ọ̀sì, kò tiẹ̀ dùn mí rárá," ọkàn mi kì í tíì balẹ̀. Mo máa ń ní kó bọ́ bàtà.

Ṣóńṣó iṣan tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára kún abẹ́ awọ ara wa, wọ́n sì ní ilẹ̀kùn tíntìntín lára tí àwọn onímọ̀ ń pè ní receptor. Òmíràn ń ṣí fún òtútù, òmíràn fún ìfọwọ́kàn. Èyí tó ń jẹ́ TRPV1 máa ń ṣí bí ooru bá ju nǹkan bí ìwọ̀n 43 Celsius lọ. Ata náà ń ṣí i, òun ló fà á tí ọbẹ̀ tútù tí ata rodo pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì fi ń jó wa lẹ́nu. Ti ẹyẹ kì í dá ata lóhùn, wọ́n ń ṣà á jẹ láìmira. Ọdún 1997 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, David Julius, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí TRPV1 yìí ní Amẹ́ríkà. Òun àti Ardem Patapoutian, tó rí ti ìfọwọ́kàn, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ba àwọn iṣan wọ̀nyí jẹ́, ti ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kàn. Á máa ṣe èèyàn bíi pé èèrà ń rìn ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, á máa ta á lálẹ́, tó bá yá, ẹsẹ̀ á kú tipiri. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ lè tẹ ìṣó kó máa rìn lọ. Omi gbígbóná lè bó o kó má mọ̀. Irú egbò bẹ́ẹ̀ ló ń di ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ gé ẹsẹ̀, ó sì ń dùn mí gan-an, torí ó ṣeé dènà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ yín wò lálaalẹ́, títí kan àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Bí ẹ ò bá lè bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ bá yín wò ó. Ìgúnpá ni kí ẹ fi dán omi ìwẹ̀ wò. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ó kéré tán, ẹ jẹ́ ká dán an wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ ó dijú, màá fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín títí yóò fi tẹ̀ kọrọdọ, ẹ ó sì sọ bóyá ẹ mọ̀ ọ́n lára. Kì í dunni rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, a kì í jẹ́ kó tó ọdún kan ká tó tún rí i.