Ara rẹ̀ le, síbẹ̀ ó ń gbé onígbáméjì kiri

Tí wọ́n bá ní onígbáméjì ti wọ àdúgbò kan l'Abẹ́òkúta, kíá làwọn èèyàn á ti máa sá fún ilé ẹni tó ń bì, tó ń ṣu gbuuru. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí kòkòrò àrùn náà, Vibrio cholerae, wọ inú wọn ni kì í ṣàìsàn rárá. Wọ́n á jí, wọ́n á lọ tajà ní Láfẹ́ńwá, wọ́n á sì jẹun dáadáa lálẹ́. Àmọ́ kòkòrò ọ̀hún á máa bá ìgbẹ́ wọn jáde, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn yìí ni agbárùn-láìṣàìsàn. Àwọn tó bá sì máa ṣàìsàn, láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ márùn-ún ni yóò hàn lára wọn.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá tún jẹ́ ilẹ̀ àpáta. Ní ọ̀pọ̀ ibi, erùpẹ̀ tí ì bá sẹ́ omi kò nípọn, àárín àpáta tó sán ni omi ń gbà. Ìgbẹ́ inú ṣaláńgá lè gba ibẹ̀ dé inú kànga. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì fi 30 mítà jìnnà síra, ó kéré tán; nínú agbo ilé tó há, ta ló rí àyè bẹ́ẹ̀? Tí òjò bá wá dé, àgbàrá á gbá ohun tó wà lókè wá sí ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀. Omi kànga, ẹ sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, nítorí agbárùn kì í mọ ara rẹ̀. Àjẹsára àmumu wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò ní ká má sè omi.

Ohun tó ń pa aláìsàn ni omi àti iyọ̀ tó ń dà lára rẹ̀, ó sì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé, "Ẹ má fún un lómi, á tún ṣu." Omi gan-an ni ìtọ́jú! Tí ORS oníyẹ̀fun, ìyẹn àpò iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu gbuuru, kò bá sí nílé, ẹ da píọ̀ wọ́tà 50cl méjì sínú ike tó mọ́, kí ẹ bu ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ sí i. Ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú. Ẹ tọ́ ọ wò: tó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn. Ṣúgà ló ń fa iyọ̀ wọ ara láti inú ìfun, omi á sì tẹ̀ lé e. Tó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú, ẹ má gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Bí ẹ ti ń fún un mu lẹ ń gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú, tí kò tọ̀ mọ́, tí kò lè dá jókòó, dírípù ló kù tí wọ́n máa fà sí i lára, kíákíá.