Ọ́ìlì wo ló tọ́ sí surface grinder, báwo la sì ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?

Surface grinder ni ẹ̀rọ tó ń fi òkúta gíráńdà họ ojú irin títí yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nínú èyí tó ń lo háídírọ́líìkì, ọ́ìlì ló ń ti tábìlì tí irin wà lórí rẹ̀ lọ, òun náà ló ń dá a padà. Púpọ̀ nínú èyí tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké jẹ́ tòkunbọ̀: ìwé rẹ̀ ti sọnù, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú tánkì rẹ̀.

Wọ́n kọ ISO VG 32 sára kẹ́ẹ̀gì kan, wọ́n kọ 68 sára òmíràn. Ṣé 68 ló dáa jù ni?

Rárá o. Nọ́ńbà yẹn kò sọ bí ọ́ìlì ṣe dáa tó, bó ṣe ki tó ló ń sọ. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná dé 40 °C, centistoke ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. VG 32 wà láàárín 28.8 sí 35.2, VG 68 ki ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Fún ọ̀pọ̀ surface grinder kékeré, 32 ni àwọn tó ṣe é ní kí a lò. Bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dárúkọ Shell Tellus 27, Tellus 32 ló bọ́ sípò rẹ̀. Mobil DTE 24 náà, VG 32 ni. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà inú orúkọ ọ́ìlì ṣe VG. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ISO VG sí gan-an. Lára kẹ́ẹ̀gì, ẹ tún máa rí AW, HM tàbí HLP. Iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe: ọ́ìlì háídírọ́líìkì tí wọ́n ti fi èròjà sí kí irin má baà jẹ irin nínú pọ́ǹpù.

Ọ́ìlì kan tó ń jẹ́ Vactra No. 2, tó jẹ́ VG 68, yàtọ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin, ojú irin tí tábìlì ń rìn lórí rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi ọ́ìlì tánkì kan náà ti tábìlì kí wọ́n sì fi pa ojú irin yẹn. Ohun tí ẹni tó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má da Vactra sínú tánkì.

Ooru pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣé 32 kò ní ṣàn jù?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tó pọn ọ́ìlì lọ. Ẹni tó kọ ìwé ẹ̀rọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ro ṣọ́ọ̀bù tó tutù, bíi 15 tàbí 20 °C. Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ṣọ́ọ̀bù lè ti wà ní 32 °C kí ẹ tó tan iná ẹ̀rọ, ọ́ìlì yóò sì tún gbóná ju inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Bó bá dé 60 °C, VG 32 yóò ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi centistoke 15, VG 46 yóò sì wà ní nǹkan bíi 20. Ọ́ìlì tó ti ṣàn jù á máa jò padà nínú pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, tábìlì á máa falẹ̀, kò sì ní lágbára mọ́ bí irin tó wúwo bá wà lórí rẹ̀.

Ẹ ti tẹmọ́mítà bọ inú tánkì lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí kan. Bó bá ju 55 °C lọ, 46 bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń mú un gbóná: bóyá wọ́n ti fún fáàfù tó ń dín agbára ọ́ìlì kù jù, bóyá asẹ́ ti dí, bóyá ọ́ìlì ò pé inú tánkì. Ẹ má fò dé 68, nítorí ní òwúrọ̀ ọyẹ́ pọ́ǹpù kò ní lè fà á dáadáa.

Ooru yìí kan iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Inú ìdí ẹ̀rọ gan-an ni tánkì ọ̀pọ̀ surface grinder wà. Bí ọ́ìlì bá ń gbóná, ìdí ẹ̀rọ á tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irin tí ẹ ń họ kò sì ní tẹ́jú mọ́. Irin tó gùn ní 300 mm ń fi nǹkan bíi máíkírọ̀n 35 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ̀n ló wà nínú mílímítà kan) gùn sí i bó bá gbóná ní 10 °C sí i. Ẹ jẹ́ kí tábìlì máa lọ kó máa bọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣe ìhọ ìkẹyìn.

Ṣé a lè lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ATF (ọ́ìlì jíà ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì) tàbí ọ́ìlì bíréèkì?

Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní ohun tó ń fọ ìdọ̀tí, tó sì ń mú kí ìdọ̀tí àti omi máa léfòó nínú rẹ̀. Ẹ̀yin fẹ́ kí wọ́n rì sísàlẹ̀ tánkì. ATF kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju 32 lọ, yóò sì ti tábìlì, ṣùgbọ́n jíà ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kò sí èrè nínú owó rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì, láéláé! Yóò ba rọ́bà síìlì jẹ́, yóò sì bó ọ̀dà ẹ̀rọ.

Kí ló ń fi hàn pé ọ́ìlì ti bà jẹ́?

Bó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti gbó. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ kán díẹ̀ sórí irin gbígbóná: bó bá ń ta pàràpàrà, omi ni. Omi tí a fi ń mú òkúta tutù ló sábà máa ń wọlé, láti ibi síìlì ọ̀pá tó ń ti tábìlì tàbí ihò ìdí ẹ̀rọ. Ẹ dí ojú ọ̀nà náà kí ẹ tó ra òmíràn.

Báwo la ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ọ́ìlì lè gbóná kó sì gbé ìdọ̀tí dání, kí ẹ wá pa iná rẹ̀ láti orísun. Ẹ fà á jáde, kí ẹ sì wọn iye lítà tó jáde. Ẹrẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun òkúta àti irin. Òun ló ń jẹ pọ́ǹpù. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tí kì í tú òwú ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe táwẹ̀lì. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ asẹ́, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà á láti inú síta, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má lo bẹntiróòlù, iná lè mú. Ẹ má sì fi dísù ṣan inú páìpù, nítorí èyí tó bá kù níbẹ̀ yóò mú ọ́ìlì tuntun ṣàn jù.

Ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú sìlíńdà àti páìpù. Bó bá dọ̀tí gan-an, ẹ da 32 olówó pọ́ọ́kú sí i, ẹ lò ó fún wákàtí kan, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tó da gidi sí i. Ọ́ìlì tuntun pàápàá kì í fi gbogbo ara mọ́. Fíltà máíkírọ̀n 10 ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ. Ẹ da díẹ̀ sínú pọ́ǹpù kó má bàa yí lórí òfìfo. Bó bá jẹ́ iná fésì mẹ́ta, ẹ kàn tan án kí ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wo ìhà tó ń yí sí, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wáyà so. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra jẹ́ kí tábìlì rìn dé òpin lọ́tùn-ún lósì bí ìgbà ogún kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ọ́ìlì tánkì yóò lọ sílẹ̀. Ẹ fi kún un.

Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ tábìlì ò lọ geere: ó ń fò, ó ń dúró.

Ẹ ṣí tánkì wò. Bí fóòmù bá wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé níhà tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Ẹ fi gíríìsì yí oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ariwo bá ti dín kù nígbà tí ẹ fi kàn án, ibẹ̀ ló ń jò. Bí kò bá sí fóòmù, àmọ́ tí pọ́ǹpù ń ké, ebi ọ́ìlì ló ń pa á: asẹ́ ti dí, tàbí ọ́ìlì ki jù. Bó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí tábìlì ń rọra rìn nìkan ló ń fò, ojú irin tó ń rìn lórí rẹ̀ ló gbẹ. Ẹ wo bóyá ọ́ìlì ń dé ibẹ̀.

Ṣé èyí tó ṣẹ́kù lè lọ sí ọ̀pá òkúta, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí òkúta gíráńdà?

Ó tì. Bẹ́ríǹgì ọ̀pá òkúta kan ní àlàfo tín-ín-rín, ọ́ìlì fífúyẹ́ VG 2 sí VG 10 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bí ẹ bá da 32 sí i, ó lè gbóná títí yóò fi há. Èyí tó bá ní bẹ́ríǹgì tí wọ́n ti fi gíríìsì dí kò nílò ọ́ìlì kankan rárá.