Òṣùwọ̀n Ẹ̀tọ́ Aláìsàn Kì í Ṣe Ìtẹ́lọ́rùn

Lọ́dún 2000, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní "responsiveness" lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í wo bóyá ara aláìsàn yá, bí kò ṣe irú ọwọ́ tí wọ́n fi mú un. Àwọn kan ní Ìbàdàn níbí ń pè é ní "ìtẹ́lọ́rùn aláìsàn"; àwọn mìíràn tú u sí "ìdáhùnsí ètò ìlera", bí ẹni pé ọsibítù ń dáhùn ìbéèrè. "Ìdáhùnsí" kò yé ẹnikẹ́ni, "ìtẹ́lọ́rùn" sì ń ṣini lọ́nà. "Òṣùwọ̀n ẹ̀tọ́ aláìsàn" ni mo fara mọ́.

Ìyá àgbà tí ó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì láti ìdájí, tí dókítà kò gbójú sókè wò kí ó tó kọ oògùn fún un, lè sọ pé inú òun dùn, nítorí pé kò rí èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní ọjà Bódìjà, ẹni tí ó ń ta gàrí lè kí oníbàárà tẹ̀rín-tọ̀yàyà, kí oníbàárà sì bá ìdùnnú lọ sílé, nígbà tí ó jẹ́ pé wọ́n ti tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kò ní wo ojú oníbàárà. Ìdí kọ́ńgò ni yóò yẹ̀ wò.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ ń bọ́ṣọ? Ṣé nọ́ọ̀sì dárúkọ àìsàn yín láàrin èrò? Ṣé wọ́n ṣàlàyé oògùn náà ní èdè tí ó yé yín? Ṣé ẹ lè sọ pé ẹ kò fẹ́ àyẹ̀wò kan láìgba èébú? Òṣùwọ̀n ti ẹni tí ó ń gbàtọ́jú tí ó sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà pín sí ọ̀nà méje: iyì, àṣírí, àlàyé, ohùn nínú ìtọ́jú ara ẹni, àìfi nǹkan falẹ̀, ìmọ́tótó àyíká, àti yíyan ẹni tí yóò tọ́jú ẹni.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ "ẹ̀tọ́" ti le jù, pé "ìwà ọmọlúàbí" ni ó yẹ. N kò gbà. Lọ́dún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde, ẹ̀tọ́ 12 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Oore kọ́ ni wọ́n pè é. Ẹni tí oore kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan láti rò, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ dù lè fẹjọ́ sùn, Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sì fún un láṣẹ pé kí wọ́n wádìí ẹjọ́ náà.