Kíka gbàǹjo ọjà àti ìwọ̀n òwò fún kátàkárà ọjọ́ kan

Kíka gbàǹjo ọjà jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn tó ń ṣe kátàkárà ọjọ́ kan, ìyẹn àwọn tó ń rà tí wọ́n sì ń tà kí ọjà ọjọ́ náà tó tú, fi ń mọ ibi tí olùrà àti olùtà ti fẹnu kò àti ibi tí wọ́n ti kọ̀. Iye tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà dà bí ìpolówó: ó ń kígbe pé ọjà di báyìí, ta ló fẹ́ ẹ? Ìwọ̀n òwò, ìyẹn àròpọ̀ ohun tó ti ọwọ́ olùtà bọ́ sí ọwọ́ olùrà ní iye kọ̀ọ̀kan, ló ń dáhùn. Bí iye bá gòkè tí òwò sì pọ̀ níbẹ̀, tí ó pẹ́ níbẹ̀, ọjà ti gbà á. Bó bá gòkè tí kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e, ó sábà máa ń padà síbi tó ti wá.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

J. Peter Steidlmayer, oníṣòwò ní Chicago Board of Trade, ilé pàṣípààrọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1848, ló gbé àwòrán tí wọ́n ń pè ní Market Profile jáde ní àwọn ọdún 1980. Nígbà náà, ariwo àti ìfọwọ́júwe ni wọ́n fi ń ná ọjà nínú gbọ̀ngàn òwò, kò sì sí ẹni tó lè rí ìwọ̀n òwò orí iye kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Steidlmayer fi àkókò dípò rẹ̀. Ó pín ọjọ́ sí ìdajì wákàtí, ó fún ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, ó sì kọ lẹ́tà náà sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo iye tí ọjà fara kàn láàárín àkókò yẹn. Ọjà ìpín ìdókòwò Amẹ́ríkà ń ṣí ní 9:30 àárọ̀, ó sì ń tì ní 4:00 ìrọ̀lẹ́ ní aago New York, nítorí náà lẹ́tà 13 ló wà nínú ọjọ́ kan, láti A dé M. Ibi tí lẹ́tà bá ti tò gùn jù ni ọjà ti pẹ́ jù.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ń ka òwò kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń ya ìwọ̀n òwò fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye. Àwòrán méjèèjì sábà máa ń jọra. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ó yẹ kí olùkà dúró wò ó: lẹ́tà tó pọ̀ pẹ̀lú òwò tó kéré túmọ̀ sí pé ọjà kàn ń tòògbé ni.

Ojúkò, agbègbè ìfẹnukò, òkìtì àti àfo

Iye tí òwò ti pọ̀ jù ní ọjọ́ kan ni ojúkò. Agbègbè ìfẹnukò ni àwọn iye tó yí ojúkò ká, tí nǹkan bí 70% òwò ọjọ́ náà wáyé nínú wọn. Ìdá yìí wá láti inú ìṣirò ìtúká tó sọ pé nǹkan bí 68% ohun tí a kà máa ń wà nítòsí àárín. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ ìdí tí ààlà náà fi máa ń fò lójijì.

Ká ní àdéhùn 1,000 ni wọ́n rà tí wọ́n tà lọ́jọ́ kan, báyìí (iye ló ṣáájú, ìwọ̀n òwò ló tẹ̀ lé e):

110: 40
109: 60
108: 120
107: 180
106: 220
105: 160
104: 110
103: 70
102: 40

Ojúkò ni 106, nítorí 220 ló wà níbẹ̀. Ohun tí à ń wá ni 700. A ó ro ìlà méjì tó wà lókè ojúkò pọ̀, 180 àti 120, ó di 300. A ó ro méjì ìsàlẹ̀ pọ̀, 160 àti 110, ó di 270. Tòkè pọ̀ jù, a fi kún un: 520. A tún wo méjì tó kàn lókè, 60 àti 40, tí í ṣe 100. Ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ 270. Tìsàlẹ̀ la mú lọ́tẹ̀ yìí: 790. A ti kọjá 700, a dúró. Agbègbè ìfẹnukò ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti 104, ó parí sí 108. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan kún un dípò méjì méjì, ìdí nìyẹn tí ààlà oníṣòwò méjì fi lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí ọjà kan náà. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, bí oníṣòwò kò bá ṣáà ti ń pààrọ̀ ìlànà láàárín ọ̀sẹ̀.

Ibi tí òwò ti ga lójú àwòrán ń jẹ́ òkìtì, ibi tó ti rù ń jẹ́ àfo. Bí iye bá dé orí òkìtì, ó máa ń lọ́ra, ó máa ń lọ síwá sẹ́yìn, nítorí tọ̀tún tòsì ló gbà pé iye náà dára. Inú àfo ni iye ti ń sáré. Bó bá wọ inú àfo láti òkè, ó sábà máa ń já bọ́ dé orí òkìtì tó kàn. Bí wọ́n bá sì lé e padà ní ẹnu àfo, ẹnu àfo yẹn di ibi tí a lè gbé àṣẹ ìjáde sí, ìyẹn àṣẹ tó ń yọ wá kúrò nínú òwò bí iye bá lòdì sí wa. Ìdí nìyí tí rírà tàbí títà ní àárín òkìtì fi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àṣà tó ń gbọ́n owó oníṣòwò dànù: iye ń lọ ń bọ̀, ó ń kan àṣẹ ìjáde léraléra, owó iṣẹ́ alágbàtà ń pọ̀ sí i.

Wákàtí àkọ́kọ́

Láti 9:30 sí 10:30 ni lẹ́tà A àti B. Iye tó ga jù àti èyí tó kéré jù nínú wákàtí yìí ni gbèdéke àkọ́kọ́. Bí gbèdéke yìí bá fẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ, ọjà ti rìn púpọ̀ nínú ìrìn ọjọ́ náà, ó sì ṣeé ṣe kó máa yí nínú rẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bó bá há, ìhà kan ló máa ń fọ́. Ọjọ́ tí ọjà bá gba ọ̀nà kan láti àárọ̀ dé alẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbèdéke tó há lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló sì ń pa àwọn tó ti mọ́ lára láti tà ní òkè kí wọ́n rà ní ìsàlẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà ni iye máa ń dà bí ẹni pé ó ti ga jù.

Bí ọjà ṣe ṣí náà ní ohun tó ń sọ. Nígbà míì ó ṣí, ó sáré lọ, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Ìgbà yìí ló ní ìdánilójú jù. Nígbà míì ó kọ́kọ́ yọjú sí ìhà kan, bóyá sí iye tó ga jù lánàá, kò rí olùrà, ó yí padà, ó sì sáré lọ sí ìhà kejì. Ó tún lè lọ jìnnà kí wọ́n tó lé e padà. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń lọ ń bọ̀ ní àárín agbègbè ìfẹnukò àná, ìròyìn tuntun kò sí, sùúrù ni iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní òfin 80%. Bí ọjà bá ṣí lẹ́yìn òde agbègbè ìfẹnukò àná, tó wá wọ inú rẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ń retí pé yóò la agbègbè náà kọjá dé ìhà kejì. Orúkọ lásán ni 80% yẹn, kì í ṣe ìlérí. Kí oníṣòwò kà á fúnra rẹ̀ lórí ọjà tó ń ná.

Kíka ìwọ̀n òwò

Ìwọ̀n òwò ní ìrísí tirẹ̀ lóòjọ́. Ó máa ń pọ̀ nígbà ìṣísílẹ̀, á rù ní ọ̀sán, á tún kún nígbà tí ọjà bá fẹ́ tì. Fún ìdí yìí, kò bójú mu láti fi òwò 12:30 wé òwò 9:45. Agogo 12:30 òní ni kí a fi wé agogo 12:30 ọjọ́ mẹ́wàá tàbí ogún tó ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan tó lówó lọ́wọ́ ti wọ ọjà.

Gbogbo òwò ló ní olùrà kan àti olùtà kan, nítorí náà gbólóhùn pé “olùrà pọ̀ ju olùtà lọ” kò tọ̀nà. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ẹni tí ara ń kán. Ẹni tó fi àṣẹ ojú-ẹsẹ̀ rà gba iye tí olùtà ti gbé kalẹ̀. Ẹni tó fi àṣẹ oní-iye dúró ń retí kí wọ́n wá bá a. Bí a bá yọ òwò àwọn tó kánjú tà kúrò nínú ti àwọn tó kánjú rà, ohun tó ṣẹ́ kù ni delta. Ká ní ní orí iye tó ga jù lálẹ́ àná, delta jẹ́ 1,800 sí ìhà ìrà láàárín ìṣẹ́jú 5, síbẹ̀ iye kò tún sún sókè. Àwọn kan ń kánjú rà, ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń tà fún gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn olùrà yìí bá rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò tà láti sá jáde, ìṣubú náà sì máa ń yá. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà, ẹ̀rí kò tíì pé: iye gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí òwò púpọ̀ náà ti wáyé.

Kíkọ ètò kí ọjà tó ṣí

Àdéhùn ọjọ́ iwájú (futures), ìyẹn àdéhùn láti ra tàbí ta nǹkan lọ́jọ́ iwájú ní iye tí a ti fẹnu kò sí lónìí, lórí S&P 500, atọ́ka iye ìpín ìdókòwò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní E-mini, tí CME, ilé pàṣípààrọ̀ kan ní Chicago, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997, dára fún àpẹẹrẹ. Point 1 rẹ̀, ìyẹn ìyípadà 1 nínú iye, jẹ́ dọ́là 50, ìgbésẹ̀ tó kéré jù jẹ́ 0.25, ìyẹn dọ́là 12.50. Micro E-mini, tó jáde lọ́dún 2019, jẹ́ ìdá mẹ́wàá rẹ̀: dọ́là 5 fún point 1.

Ká gbà pé agbègbè ìfẹnukò àná jẹ́ 5,240 sí 5,262, ojúkò 5,253, iye tó ga jù 5,270. Lóru, ọjà rìn láàárín 5,259 àti 5,274. Ó ṣí ní 5,267: ó wà lókè agbègbè ìfẹnukò, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá ibi tó dé lánàá. Ètò tó wúlò yóò jẹ́ “bí èyí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe tọ̀hún”.

Bí iye bá wọlé sábẹ́ 5,262 tó sì parí ìdajì wákàtí méjì níbẹ̀, a ó tà ní 5,261 nígbà tó bá gòkè padà wá, ká lè rà á padà nísàlẹ̀. Àṣẹ ìjáde, tí wọ́n ń pè ní stop, á wà ní 5,267. Ibi àkọ́kọ́ tí a ó ti gba èrè ni 5,253, èkejì 5,240. Bí iye bá sọ̀ kalẹ̀ dé 5,262 tí kò wọlé, tí òwò ìsọ̀kalẹ̀ náà rù, tí òwò sì tún kún nígbà tó yí sókè, a ó rà ní 5,264. Stop á wà ní 5,258, lábẹ́ ìsàlẹ̀ òru. Èrè ní 5,274. Bó bá ń yí láàárín 5,262 àti 5,270 tí òwò kò sì pọ̀, a kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ka kẹta yìí ló ṣòro jù láti pa mọ́, òun ló sì ń dáàbò bo owó jù.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò owó. Ẹni tó ní dọ́là 10,000, tó sì fẹ́ fi 0.5% wewu, ní dọ́là 50 láti pàdánù. Point 6 lórí Micro jẹ́ dọ́là 30, nítorí náà àdéhùn 1 ló lè mú. Méjì yóò jẹ́ 60. Lórí E-mini, point 6 yẹn jẹ́ dọ́là 300, ìyẹn 3% gbogbo owó rẹ̀ lórí ìgbìyànjú kan ṣoṣo. Ibi tí ètò ti kùnà ni stop ń wà. Bí ibẹ̀ bá jìnnà jù fún owó tó wà nílẹ̀, iye àdéhùn la ń dín kù, a kì í fa stop súnmọ́ tòsí.

Ètò tún gbọ́dọ̀ kọ agogo ìròyìn sílẹ̀. Ìròyìn iṣẹ́ àti ti ìgbówólórí ọjà ní Amẹ́ríkà ń jáde ní 8:30 àárọ̀, ìpinnu báǹkì àpapọ̀ lórí èlé ní 2:00 ọ̀sán. Nígbà náà ìwé àṣẹ, ìyẹn àkójọ àwọn àṣẹ tó ń dúró de ẹni tó máa gbà wọ́n, máa ń ṣófo, stop lè wáyé ní iye tó jìnnà sí èyí tí a kọ.

Ewu iṣẹ́ yìí kò kéré. Ìwádìí lórí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kátàkárà ọjọ́ kan ní Bràsílì láàárín 2013 sí 2015 fi hàn pé lára àwọn tó forí tì í fún ọjọ́ tó ju 300 lọ, 97% ló pàdánù owó.

Ibi tí àwòrán ti ń ṣini lọ́nà

Ìwọ̀n òwò pé pérépéré lórí àdéhùn ọjọ́ iwájú nítorí ilé pàṣípààrọ̀ kan ṣoṣo ló ń kà á. Ìpín ìdókòwò kan ní Amẹ́ríkà máa ń tà ní ọ̀pọ̀ ibi lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àkójọ tó ń wo ibì kan péré yóò fi ojúkò èké hàn. Pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè kò ní ilé pàṣípààrọ̀ kan ṣoṣo tó ń ka gbogbo òwò rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ alágbàtà ń pè ní ìwọ̀n òwò níbẹ̀ jẹ́ iye ìgbà tí iye yí padà lọ́dọ̀ tiwọn nìkan.

Dída òwò òru pọ̀ mọ́ ti ọ̀sán máa ń sún agbègbè ìfẹnukò kúrò níbi tó yẹ. Àṣẹ tó wà nínú ìwé àṣẹ kì í sì í ṣe òwò: ẹni tó gbé e síbẹ̀ lè yọ ọ́ kúrò kí iye tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin Dodd-Frank ti 2010 ní Amẹ́ríkà ka gbígbé àṣẹ ẹ̀tàn kalẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú kí gbogbo àṣẹ tí a rí jẹ́ òtítọ́.

Ní oṣù kẹta, ìkẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá, àdéhùn E-mini kan ń parí ní ọjọ́ Ẹtì kẹta. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, òwò ti ń ṣí lọ sórí àdéhùn tuntun, iye méjèèjì kò sì dọ́gba. Ẹni tó bá gbé ìlà àtijọ́ sórí àdéhùn tuntun láìfi ìyàtọ̀ náà kún un tàbí kó yọ ọ́, ibi tí kò sẹ́ni tó ná ọjà rí ló ń pè ní ojúkò.