Ẹ Jẹ́ Kí Òǹwòran Ló Rẹ́rìn-ín

Bí mo bá ti rí i tí wọ́n gbé gíláàsì ràgàjì àti ẹfun tí wọ́n fẹ́ kùn sójú wá sí ìdí kámẹ́rà mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ náà máa le. Wọ́n á ní, “Ọ̀gá, àwàdà la fẹ́ ṣe o.” Mo bá tan kámẹ́rà. Ọmọkùnrin á yọ ahọ́n, á gbọn ìdí, á wá máa fi ojú wá ojú mi, bóyá mo ti ń rẹ́rìn-ín. N kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó máa wò ó náà kò ní rẹ́rìn-ín.

Irú wọn ni mo máa ń mú jókòó kí wọ́n wo iṣẹ́ Jim Abrahams, ará Amẹ́ríkà tó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, lẹ́ni 80 ọdún. Òun àti David pẹ̀lú Jerry Zucker, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ni wọ́n jọ darí Airplane! ní 1980. Fíìmù asínnijẹ ni. Fíìmù kan ti wà láti 1957 tí wọ́n ń pè ní Zero Hour!: oúnjẹ inú bàálù ṣe àwọn awakọ̀ níbi, ọkùnrin kan tó ti jagun rí ló sì kù tó lè gbé bàálù náà balẹ̀. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ rárá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n gbé ìtàn náà àti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré rẹ̀ wọ inú tiwọn. Nígbà tó kan àwọn ipa àgbà, wọn kò wá aláwàdà. Leslie Nielsen, Robert Stack, Lloyd Bridges àti Peter Graves ni wọ́n pè, àwọn òṣèré tí ayé mọ̀ mọ́ eré tó le.

Ẹ wo ibi tí Nielsen ti ṣe dókítà. Ara obìnrin kan kò yá, dókítà ń fa odindi ẹyin jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fọ́ ọ̀kan, ẹyẹ fò jáde nínú rẹ̀. Ojú dókítà kò yí padà; aláìsàn ló ń tọ́jú. Ẹ tún wo Stack: ó bọ́ gíláàsì dúdú ojú rẹ̀, gíláàsì dúdú mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Gíláàsì lòun náà lò o! Ṣùgbọ́n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó wo gíláàsì òun.

Ohun tí mo ń pariwo rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ẹni tí wàhálà bá kò lójú kò mọ̀ pé òun ń pani lẹ́rìn-ín. Bí òṣèré bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ti bá òǹwòran ṣe iṣẹ́ òǹwòran. Nígbà tí àwọn mẹ́ta yìí ṣe Police Squad! fún tẹlifíṣọ̀n ní 1982, wọn kò fi ohùn ẹ̀rín kankan sábẹ́ rẹ̀. Ìpín mẹ́fà péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a dúró, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni fíìmù The Naked Gun ti 1988 ti jáde. Àwọn kan á sọ pé Bàbá Sàlá ńkọ́, ṣebí òun náà wọ gíláàsì? Ó wọ̀ ọ́. Ẹ tún un wò dáadáa: ìyà tó ń jẹ ẹni tó ń ṣe ń dùn ún dọ́kàn, kò fìgbà kan ṣe bí ẹni tó mọ̀ pé a ń fi òun rẹ́rìn-ín.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ fẹ́ sín jẹ. Àwọn kan wá bá mi pé kí a ṣe yẹ̀yẹ́ Ojúde Ọba, kí ọmọkùnrin gun ewúrẹ́. Mo bi wọ́n bí ìdílé Balógun ṣe ń gun ẹṣin wọlé, bí regberegbe, àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn jọra, ṣe ń tò wá júbà Awùjalẹ̀. Wọn kò mọ̀. Ewúrẹ́ lásán ni wọ́n fẹ́ yà nígbà náà.

Àwọn kan wà ní ìgboro tó ń gba owó ọmọ ọlọ́mọ, ní ọjọ́ méjì wọ́n á ní ó ti mọ àwàdà. Ẹ pariwo, ẹ yọ ojú, ẹ gbá ara yín létí: ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ò ju ìyẹn lọ. Ẹnìkan tún gbé ọṣẹ dúdú wá sí ìdí iṣẹ́, pé wọ́n ní kí òun fi bọ́jú kí èrò lè pọ̀ lórí fídíò òun. Mo ní kó gbé e padà sílé. Ìdánrawò ló ń kọ́ òṣèré ní ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ọṣẹ kò lè ṣe é.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti àwọn ọmọ kan tó gbé fídíò wá kí n bá wọn gé. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, fẹ́ já bọ́ láti orí ògiri ilé àkọ́kù bí ẹni tí ajá ń lé. Fóòmù àlòkù kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́. Mo ń wo fídíò náà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, kò wo fóòmù. Ó yíjú sí kámẹ́rà, ó yọ ahọ́n, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ pé ẹ̀rín wà. Ara tẹ̀ lé ojú. Ó na ọwọ́ òsì gbọọrọ, ó fi lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù, ọrùn ọwọ́ sì kán. Ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń ké pe ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ohùn ẹ̀rín bo igbe yẹn.

N kò gé e. Ọwọ́ tí ọmọ náà fi ń di ìṣó mú nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ya ìṣubú, kó ya ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹ̀, kí òṣèré kúrò lójú kámẹ́rà, kí a gbọ́ “gbìì”, kó tún wá yà á nígbà tó ti wà nílẹ̀. Ojú inú òǹwòran á parí ìyókù. Bí ẹ bá ní dandan ó gbọ́dọ̀ já, ẹ wá fóòmù mẹ́ta tó nípọn, ẹ ṣa òkúta ibẹ̀, kí ibi tó ti máa já má ga ju ìbàdí lọ. Kó wo ibi tó ń lọ, kó fa àgbọ̀n mọ́ àyà, kó fi ẹ̀gbẹ́ ara gba ilẹ̀, kó má na ọwọ́. Bí ẹni tó ni kámẹ́rà bá ní kò sówó fóòmù, ẹ ní kó yọ ìran náà kúrò nínú eré.