Ilé ìdáná ìgbàlódé lára ilé àtijọ́: bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìgbèríko England

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kọ́bọ́ọ̀dù àti sítóòfù, ògiri àtijọ́ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbèríko tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1900 ni ògiri wọn nípọn gbagidi, tí kò ní àlàfo kankan láàárín. Lime, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná, ni wọ́n pò mọ́ yanrìn tí wọ́n fi to bíríkì rẹ̀. Òjò á rọ̀, ògiri á mu díẹ̀ nínú omi rẹ̀, atẹ́gùn á sì tún fẹ́ ẹ gbẹ. Bí bíríkìlà bá lọ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi á há sínú: bíríkì á máa rún, orí igi tó wọnú ògiri á máa jẹrà. Lime wọ́n, kì í sì í tètè gbẹ, ṣùgbọ́n níbi tí tuntun ti kan ògbólógbòó, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣọ́wó ná.

Bí ilé náà bá wà nínú àkọsílẹ̀ ilé tí òfin dáàbò bò, àṣẹ ìkọ́lé káńsù nìkan kò tó. Òfin ilé àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní 1990 béèrè ìyọ̀ǹda mìíràn fún iṣẹ́ tó máa yí ìrísí àtijọ́ rẹ̀ padà, títí kan inú ilé. Ọ̀ràn ni láti ṣe é láìgbàṣẹ, kódà bó jẹ́ Grade II, ìpele tí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé inú àkọsílẹ̀ náà wà. Ohun tí òṣìṣẹ́ káńsù máa ń béèrè ni pé kí ni yóò sọnù lára ti àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ayàwòrán-ilé tó gbọ́ṣẹ́ fi máa ń gba ojú ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó ti wà kọjá, dípò kó lu ògiri.

Láàárín ilé àtijọ́ àti ilé ìdáná tuntun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gíláàsì tóóró ló sábà máa ń wà, kí ojú lè máa rí ògiri àtijọ́ láti òkè délẹ̀. Èyí dára ju àfarawé lọ. SPAB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tí William Morris oníṣẹ́ ọnà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1877, kò fara mọ́ iṣẹ́ òde òní tó ń díbọ́n pé òun ti pẹ́ láyé.

Ìpìlẹ̀ àtijọ́ kì í sábà jìn. Bí wọ́n bá walẹ̀ jù ú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbẹ́ ihò wò, ògiri lè lanu.

Ìhà àríwá ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ilé ìdáná sí kí fíríìjì tó dé, kí oúnjẹ má baà tètè bàjẹ́. Tuntun máa ń kọjú sí gúúsù, ibi tí oòrùn ilẹ̀ náà ń gbà kọjá, nítorí náà òrùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ síta kí gíláàsì má baà sọ ilé di ààrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òrùlé tuntun yìí náà ni páìpù tó ń fa oru ìkòkò gbọ́dọ̀ gbà jáde. Bí oru bá dé ara ògiri àtijọ́ tó tutù, omi ni yóò dà níbẹ̀, ògiri á sì bu.